Ìdá kan níta, ìdá mẹ́ta lápò: bí a ṣe ń kápá ohun ìṣeré ọmọ nínú ilé

Nínú ilé oníyàrá méjì ní Kubwa tàbí Lugbe, ní Àbújá, kì í ṣe ọ̀lẹ ọmọ ló ń sọ pálọ̀ di wúruwùru. Ohun tó wà nílẹ̀ ló ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè kó tán kó tó rẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó da ogójì nǹkan sílẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni yóò kó o lálẹ́, pẹ̀lú ariwo. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Toledo ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 36, tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 18 sí 30. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi ohun ìṣeré 4 ṣeré lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi 16 ṣeré lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó jẹ́ mẹ́rin, àwọn ọmọ náà pẹ́ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí oríṣiríṣi ọ̀nà fi í ṣeré. Ohun tí ètò yìí dúró lé nìyẹn: díẹ̀ níta, ìyókù nípamọ́, kí a máa pààrọ̀ wọn.

Ìgbà tí ọmọ bá wà ní ilé ìwé ni a ń bẹ̀rẹ̀. A ó tẹ́ ẹní, a ó kó gbogbo rẹ̀ lé e, títí kan tabẹ́ àga àti tinú búùtù ọkọ̀. Èyí tó fọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú, ààtàn ló ń lọ. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílé, a ó mú páálí róbótó tí a máa ń ká tíṣù mọ́: ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí bọ́tìnnì ló burú jù. Bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì. A kò gbọ́dọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní epo pupa mu kó lè bì. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ohun ìṣeré tí ìdérí bátìrì rẹ̀ kò ní síkúrù, kó má wọ inú ilé ọmọdé.

Ìyókù la ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á kó gbogbo mọ́tò sínú àpò kan, gbogbo bèbí sínú òmíràn. Bó bá wá kan àpò mọ́tò, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ọmọ á máa wá ìkòkò ìdáná rẹ̀ kiri. Ìpín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tí a ń tì tàbí tí a ń jù, ohun tí a ń tò pọ̀, ohun tí ọmọ fi ń ṣe bí àgbà, àti ohun tó lè fi yàwòrán tàbí kó kà. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Odidi ike bílọ́ọ̀kì ìṣeré kan, ẹyọ kan la kà á sí. Èyí tí ọmọ ń gbá mọ́ra sùn kò sí nínú ètò yìí rárá. Ẹni tó bá gbé e pamọ́, òun náà kò ní sùn.

Ike ọ̀dà oní-lítà 20 tí gbogbo ilé ń lò kò bá iṣẹ́ yìí mu. Ó jìn jù: ọmọ kò rí ohun tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà yóò da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó mú ẹyọ kan. Bàsíà fífẹ̀ tí kò ga ju orúnkún ọmọ lọ ló dára. Àwọn wẹ́wẹ́ lọ sínú ike kọ́sítáàdì tó ní ìdérí, kí a lẹ àwòrán ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìpín mẹ́ta tó kù lè wà nínú àpò Ghana Must Go lórí wọ́dúróòbù. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé o! Àkeekèé fẹ́ràn ibi tó ṣókùnkùn tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn.

Ọyẹ́ ni wàhálà gidi. Láti Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kejì, eruku ń gba síìpù àpò wọlé, nítorí náà ó yẹ kí nílọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, kí a so ó lẹ́nu. Àkísà tútù la fi ń nu ohun tó wà níta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Gbígbẹ ń gbé eruku sókè sí imú ọmọ ni. Bèbí onírun ló ń gba eruku jù, méjì péré sì tó níta bí ọmọ bá ní àsímà. Bí a bá fọ nǹkan oníke, abẹ́ òjìji ni ká sá a sí, torí oòrùn Oṣù Kẹta ń sọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ohun tó ń dá pàkà.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la ń pààrọ̀ ìpín, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn. Kíkó rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. “Tún ilẹ̀ ṣe” kò ní orí kò ní ìdí létí ọmọ ọdún mẹ́ta. “Kó mọ́tò sínú bàsíà pupa” yé e. Ọmọ ọdún méjì lè jù ú síbẹ̀, ọlọ́dún mẹ́rin lè ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni ẹ̀bùn: Kérésìmesì, Iléyá, ìyá àgbà tó wọkọ̀ láti Ìbàdàn, àti àpò ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tí fèrè inú rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ẹyọ kan ni kí ọmọ mú nínú ẹ̀bùn tuntun. Ìyókù wọ àpò tààrà, kí ohun àtijọ́ tó ṣì dára sì jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa lò ó.

Kí àpò tó gòkè, a ó yọ bátìrì gbogbo. Bátìrì tó bá pẹ́ nínú ohun ìṣeré máa ń jò, á wá hu nǹkan funfun bí iyọ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì tí wọ́n kọ “alkaline” sí lára, òwú tí a fi fínígà díẹ̀ rẹ ń nù ún kúrò, kí a sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Èyí tó bá ti jẹ irin inú rẹ̀ tán, mọ́tò náà kò ní sáré mọ́.