Ibi tí Ìrìn-Àjò Afẹ́ Ti Ṣẹ̀ ní Etí Òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó: Ayétòrò àti Àwọn Àlejò Rẹ̀

Bí a bá bèèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àkúrẹ́ ibi tí ìrìn-àjò afẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Òkè Ìdànrè ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, wọn yóò sì fi kún un pé láti 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà lọ́dọ̀ àjọ UNESCO lára àwọn ibi tí a ń retí kí wọ́n kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. N kò bá Ìdànrè jà. Òkè náà rẹwà, ẹni tí ó bá sì gun àkàsọ̀ rẹ̀ dé òkè yóò mọ̀ pé àwọn tí wọ́n tẹ ìlú dó síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: lẹ́yìn tí àwọn onílé ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ni àwọn àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ wo ààfin àtijọ́ wọn. Ohun tí èmi ń pè ní ìrìn-àjò afẹ́ ni kí ènìyàn kúrò nílé rẹ̀ láti lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbé ayé wọn, kí àwọn ẹlòmíràn náà sì wà nílé láti wo òun pẹ̀lú. Etí òkun Ìlàjẹ ni irú èyí ti ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, Ayétòrò, ìlú kan ní etí òkun náà, ni ó sì sọ ọ́ di àṣà.

Kí a tó dé Ayétòrò, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn gan-an. Ìtàn àwọn ará Ùgbò, tí wọ́n jẹ́ ara àwọn Ìlàjẹ, sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣí wá, àti pé àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀ náà kí Odùduwà tó dé. Ifẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, nínú èyí tí àwọn Ùgbò jẹ́ àwọn tí ń fi ìkó bora wá kó ìlú lẹ́rù, títí Mọ́remí fi tú àṣírí wọn. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà Ùgbò kò ní lè gba ti Ifẹ̀ nìkan gbọ́ mọ́. Ohun tí ó kàn wá ni pé ìtàn méjèèjì gbà pé àwọn ènìyàn kan kúrò ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì la igbó àti irà kọjá títí wọ́n fi dé ibi tí ilẹ̀ ti tán. Àwọn fúnra wọn ti ṣe àlejò kí wọ́n tó di onílé, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ti rí. Ní ilẹ̀ gbígbẹ, àlejò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú, kí ó wo ohun tí ó bá wù ú, kí ó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Ní Ìlàjẹ, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó, tí odò àti irà sì yí i ká, ọmọ onílẹ̀ ni yóò gbé àlejò wọ ọkọ̀. Òun ni yóò tukọ̀, òun ni yóò mọ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tí ó fà, òun náà ni yóò sì mọ ilé tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí. Kò sí àlejò tí kò ti ní onílé tirẹ̀ láti èbúté. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé láti inú àṣà yìí ni iṣẹ́ afinimọ̀nà ti jáde ní apá ọ̀dọ̀ wa, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtijókòó sí ẹsẹ̀ òkè kan kí ó máa já ìwé ìwọlé fún ènìyàn.

Ohun kejì tí mo rọ̀ mọ́ ni Ayélálá. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù nípa òrìṣà yìí sọ pé aáwọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ (Ijaw) nítorí ọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀, tí ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí ìjà, ẹrú obìnrin kan ni wọ́n fi dí májẹ̀mú, ọ̀rọ̀ tí ó sì jáde lẹ́nu obìnrin náà nígbà tí ikú dé ni “Ayé lálá”. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí ó korò ni, kò sì yẹ kí a máa fi ayọ̀ sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bọ ọ́ láàárín àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé Ìbìní, nítorí pé wọ́n gbà pé kì í jẹ́ kí olè àti ẹni tí ó búra èké lọ láìjìyà. Ní agbègbè tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bá wà, àlejò lè gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí èbúté kí ó sì bá a níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sì sí ilẹ̀ tí àlejò kò ní fẹ́ padà sí bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà Ayétòrò kò ní fẹ́ kí n so ìlú wọn mọ́ Ayélálá rárá, nítorí pé wọ́n kọ òrìṣà sílẹ̀ pátápátá ni wọ́n ṣe tẹ ìlú wọn dó. Síbẹ̀, wọ́n jogún àlàáfíà tí àwọn tí ó ṣáájú wọn ti fi ẹ̀rù rẹ̀ gbé ró.

Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀dógún ni ọkọ̀ àwọn Pọtogí ti ń gba etí òkun yìí kọjá lọ sí Ìbìní, ó sì ṣòro fún mi láti gbà pé gbogbo wọn kàn ń kọjá lọ ni, láìsí ọjọ́ kan tí òùngbẹ omi tútù tàbí àìní ẹja gbé wọn yà. Ohun tí ó dájú ni ti ìgbà tí ó súnmọ́ wa. Lẹ́yìn 1870, nígbà tí ogun àti ìdènà ọ̀nà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń dí òwò Èkó lọ́wọ́, John Hawley Glover, alákòóso Èkó, àti àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá: láti orí ọ̀sà dé èbúté Ayésàn, láti Ayésàn dé Oǹdó, kí wọ́n tó forí lé Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, gbà dé Oǹdó láàárín 1875 sí 1877. Ní 1885 ni ilé òwò Gaiser ti Jámánì bá Amapetu, ọba Máhìn, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun, kí Jámánì tó yọwọ́ nínú rẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láìpẹ́ sígbà náà. Bí àwọn ará Oǹdó bá ń yangàn pé ìmọ̀ ìwé tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ kí wọ́n rántí àwọn atukọ̀ tí ó gbé ìwé náà gorí omi.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé àwọn òyìnbó Èkó tí ń lọ gba atẹ́gùn sí etí òkun ni wọ́n kọ́ wa ní ìrìn-àjò afẹ́. Ẹni tí ó bá jókòó sórí ìyanrìn tí ó kọjú sí omi, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ìlú, kò bẹ ẹnikẹ́ni wò. A lè fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ni àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ti jáde, èyí tí Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa yìí, àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Wọ́n kọ̀ láti bọ òrìṣà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lòdì sí àṣà pípa ìbejì tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà. Èyí bí àwọn ọba àti àwọn àgbà nínú, wọ́n sì ṣe inúnibíni sí wọn. Wọ́n wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, láàárín irà àti òkun, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi pákó tẹ́ ojú ọ̀nà láti ilé dé ilé. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kà á nínú Ìṣe àwọn Àpósítélì, wọ́n pa ohun ìní pọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́. Ẹja tí wọ́n bá pa, aṣọ tí wọ́n bá hun àti bàtà tí wọ́n bá rán, ti gbogbo ìlú ni, ìlú ni yóò sì bọ́ wọn, tí yóò sì wọ̀ wọ́n láṣọ. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìlú náà ti ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀, ó sì ní ẹ́ńjìnnì iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ tí ó jù ú lọ ṣì ń tan fìtílà.

Ibí yìí ni àwọn àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá: àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn onísìn láti ibòmíràn àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti òkè òkun. Kì í ṣe ìyanrìn ni wọ́n wá wò. Wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn apẹja tí kò sí ẹni tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ṣe sọ irà di ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń ná owó láàárín ara wọn. Ìlú Aláyọ̀ ni orúkọ tí gbogbo ayé fi wá mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú wọn padà sílé, wọ́n kọ ọ́ pé ètò ìjọba àjùmọ̀ní bíi ti àwọn ará Rọ́ṣíà ni àwọn rí ní Áfíríkà. Àwọn mìíràn kọ ọ́ pé àṣà àjọṣe ìdílé Yorùbá ni ó gbòòrò síbẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn ará Ayétòrò kò mọ ti Rọ́ṣíà, wọn kò sì gbà pé àṣà àwọn baba ńlá tí wọ́n sá fún ni àwọn ń ṣe. Ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n rí nínú ìlú wọn, àlejò tí ó bá sì wá, ẹlẹ́rìí ni wọ́n kà á sí.

Ìyàtọ̀ ojú ìwòye yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ lónìí fara balẹ̀ wò. Nínú ìlú tí owó kò ti kọjá láàárín ọmọ ìyá méjì, kò sí bí àlejò ṣe lè jẹ́ oníbàárà. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó kí wọn, kí ó bọ̀wọ̀ fún ìsìn wọn, kí ó sì lọ sọ ohun tí ó rí bí ó ti rí. Yorùbá ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò ni a ti ń san án. Ayétòrò gba àlejò púpọ̀ láìjẹ gbèsè kan, nítorí pé àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń ná. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ, ètò àjùmọ̀ní náà tú, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò fún ara rẹ̀. Lójú tèmi, ìgbà náà gan-an ni onílé àti àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfura wo ara wọn, nítorí pé ìlú kò gba àlejò mọ́, ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbà á, olówó sì ń rí ìtọ́jú ju ẹni tí kò ní lọ.

Ìyókù kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, epo rọ̀bì sọ etí òkun di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń jà lé lórí, àwọn ìjọba tí ó tẹ̀ léra wọn sì sọ̀rọ̀ nípa etíkun Àràrọ̀mí àti nípa èbúté ńlá tí ọkọ̀ òkun yóò máa gúnlẹ̀ sí. Ní 2004, NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun ní Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe, iṣẹ́ náà kò sì dá omi dúró. Òkun ti gbé ilé àti òpópónà lọ. Ní òpin 2023, ọmọ Ìlàjẹ di gómìnà, ìrètí sì tún sọjí.

Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá kúrò ní Àkúrẹ́, tí ó gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá, ṣì ní láti wọ ọkọ̀ kí ó tó dé Ayétòrò, ọmọ onílẹ̀ ni yóò sì wà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ń bá wá ni láti fi fóònù ya àwòrán ilé tí omi ti gé dé àárín. Àwọn onílé kò lé wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń bi wọ́n ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́: ta ni yóò rí àwòrán náà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Àbújá, kí ni yóò sì ṣe sí i? Àwọn àlejò tí kò sí ẹni tí ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìlú tí ń gbé ní Èkó, Wàrí àti Àkúrẹ́, tí wọ́n ń padà wálé nínú oṣù Kìn-ín-ní fún ìrántí ọjọ́ ìdásílẹ̀. Ilé ìbátan ni wọ́n ń sùn, ẹja tí wọ́n bá jẹ, wọn kì í san owó rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń fi yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ka arìnrìn-àjò afẹ́ kò ní ka ẹyọ kan nínú wọn.