Ìdíje Ku Ọ̀la, Ẹ Wá Ń Wá Ìbàlẹ̀ Ọkàn

Tí ìdíje bá ti ń sún mọ́lé báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe kí àyà mi má já lọ́la?" Èsì mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe lálẹ́ òní tí yóò dípò iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ láti ṣe láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Eléré sísá tí kò tẹ pápá láti ọjọ́ yìí kò jẹ́ tọ kóòṣì rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìdíje pé kó fún òun ní ẹsẹ̀ tó yá. Ojú á tì í. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọkàn, ojú kì í ti ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò wà nínú wọn, àwọn tí wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń wá ohun tí wọ́n á lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì jẹ́.

Ohun tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní mindfulness, kò ṣòro láti fẹnu sọ. Ẹ jókòó, ẹ fi ọkàn sí èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Bí ọkàn bá ṣáko lọ, ẹ mú un padà. Ó tán. Ẹni tó bá ń bèèrè irú àga tó yẹ kí òun jókòó lé, kó jókòó lé èyí tó bá rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú ni mo fẹ́ ká dúró lé. Wọ́n á jókòó díẹ̀, ọkàn á gba orí gbèsè lọ, á kọjá sórí ìjà àná, wọ́n á sì dìde. "Ọ̀gá, tèmi ò ṣiṣẹ́ o, ọkàn mi kì í dúró sójú kan." Ta ló ní kó dúró sójú kan? Ọkàn èèyàn kò mọ ìdúró. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ó ti lọ, tí ẹ sì mú un padà láìbú ara yín, ìgbà yẹn gan-an lẹ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣáko nígbà ogún, tó sì mú un padà nígbà ogún, ti gbé irin nígbà ogún. Ẹni tó jókòó látìbẹ̀rẹ̀ dópin tó ní òun ò ro nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oorun ló sùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀sìn kan ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n fà yín wọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Àmọ́ ní 1979, Jon Kabat-Zinn gbé e wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kò pẹ́ tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi níbi ìdíje, ti yunifásítì àti ti Olympics. 1985 ni wọ́n jábọ̀ iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Phil Jackson tó jẹ́ kóòṣì Chicago Bulls pe George Mumford, olùkọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, wá kó máa kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rẹ̀, Michael Jordan sì wà nínú wọn. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní 1996, 1997 àti 1998. Mo mọ̀ pé Jordan ni Jordan, èémí nìkan kọ́ ló gba ife. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ eré dunjú jù lọ láyé ò fi ojú yẹpẹrẹ wo nǹkan yìí, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gba ife kankan lẹ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó fẹ́ gbá pẹ́náritì. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó tún un gbé, ó rìn sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Èémí ò wọ ikùn mọ́, èjìká ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ohùn kan sọ nínú rẹ̀ pé, "Tó o bá gbá a fò lókè ńkọ́?" Ohun tí wọ́n ti fi kọ́ ọ ni pé kó lé ohùn yẹn dànù: "Má ronú ìkùnà! Ìṣẹ́gun nìkan ni kó o máa rò!" Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti ní káwọn èèyàn má ronú béárì funfun rárá. Béárì ò kúrò lọ́kàn wọn. Nígbà tí wọ́n wá gbà wọ́n láyè pé kí wọ́n máa rò ó, wọ́n rò ó ju àwọn tí wọn ò kọ́kọ́ kà á léèwọ̀ fún lọ. Ohun téèyàn bá ń lé nínú ọkàn, yóò máa yọjú wò ó bóyá ó ti lọ, yíyọjú wò yẹn ló sì ń pè é padà.

Èyí tí mo ń kọ́ wọn ni kí wọ́n pe nǹkan náà lórúkọ jẹ́jẹ́: "Ẹ̀rù ló ń bà mí yìí." Kí wọ́n mí síta, kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ, torí pé ìgbà tí a bá ń mí síta ni àyà tó ń lù kìkì máa ń dẹwọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ojú lọ síbi tí wọ́n fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ibẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ẹsẹ̀ torí pé àwọn kóòṣì gan-an ló ń bà á jẹ́. Wọ́n gbọ́ pé "ẹ fi ọkàn sí i", wọ́n wá ń pariwo létí pápá pé, "Wo ẹsẹ̀ rẹ! Wo orúnkún rẹ!" Nínú ìwádìí tí Sian Beilock, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2002, wọ́n ní káwọn èèyàn fẹsẹ̀ darí bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn kóònù, kí wọ́n sì máa sọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Ó ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìgbà tí àwọn kan náà yìí fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, ẹsẹ̀ tí kò mọṣẹ́, fífi ọkàn sí i tún wá ṣe wọ́n láǹfààní. Ohun tí ara bá ti mọ̀ dunjú, bí ẹ bá tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ ó dà á rú ni. Nítorí náà, ọmọdé tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù lè wo ẹsẹ̀. Ẹni tó ti ń gbá a fún ọdún mẹ́wàá, igun àwọ̀n ni kó wò, àwọn kóòṣì sì lè bá wa dákẹ́ díẹ̀. Ó wù mí kí n kọ ojú ìwé mẹ́ta lé èyí nìkan, àmọ́ olóòtú ò ní gbà.

Ẹ rántí àṣekágbá tẹníìsì Wimbledon ní 2019. Ó ku góńgó kí Roger Federer gba ife. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà, ó sì ní àǹfààní láti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ń ṣe. Novak Djokovic gba méjèèjì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì borí lẹ́yìn wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 57. Djokovic fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé agbára ọkàn kì í ṣe ẹ̀bùn, iṣẹ́ ni. Pé mímí pẹ̀lú àfiyèsí wà lára ohun tí òun ń lò. Pé iyèméjì ń wọ ọkàn òun náà, ṣùgbọ́n òun kì í pẹ́ níbẹ̀.

Kì í pẹ́ níbẹ̀ torí pé ó ti mọ ọ̀nà àbọ̀ láti àwọn ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ìtẹramọ́ṣẹ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì làwọn oníjìbìtì pọ̀ sí jù. "Ọjọ́ 21 péré, ayé rẹ á yí padà!" Níbo ni wọ́n ti rí 21? Maxwell Maltz, dókítà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ojú èèyàn ṣe, ló kọ ọ́ ní 1960 pé, ó kéré tán, nǹkan bí ọjọ́ 21 ló ń gba àwọn tí òun tún ojú wọn ṣe kí ojú tuntun tó mọ́ wọn lára. Ọ̀rọ̀ imú ni ọkùnrin náà ń sọ! Àwọn ọlọ́jà gé "ó kéré tán" sọ nù, wọ́n ń fi ìyókù jẹun. Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa èèyàn 96 tó fẹ́ sọ ohun kékeré kan di bárakú, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2010. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ló bọ́ sí láàárín. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18, ìṣirò wọn sì gbé ti ẹni tó pẹ́ jù dé ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọjọ́ tí ẹ fò kọ́ ló ń ba tiyín jẹ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni, tí ẹ bá fìbínú sọ pé, "Mo ti bà á jẹ́ náà, kí n kúkú fi sílẹ̀." Bí ẹ ṣe ń mú ọkàn padà sídìí èémí láìbú u, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ mú ara padà sídìí iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá lẹ́yìn tí ẹ bá de okùn bàtà tán, kí ẹ tó bọ́ sórí pápá.

Ẹ sì yé kó òrùka àti ìbọ̀sẹ̀ oríire wá fún mi wò. Mo mọ ẹnì kan tó kọ̀ láti fọ ìbọ̀sẹ̀ tó fi borí, títí tí kò fi ṣeé bá wọ yàrá kan náà mọ́. Lọ́jọ́ tí ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún sọnù, ọ̀gbẹ́ni ti pàdánù kó tó débi ìdíje. Kéèyàn ní nǹkan kékeré kan tó máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dára: kó mí lẹ́ẹ̀mẹta, kó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ń mú ọkàn wálé. Èyí tí olè lè jí nínú báàgì, mi ò kà á kún.

Bob Bowman, kóòṣì òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà nì, Michael Phelps, ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà ìgbáradì, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da nǹkan rú fún un, ó tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ awò ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí kí omi lè wọ inú rẹ̀. Ní Olympics Beijing ní 2008, nínú ìdíje mítà 200 tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bíi labalábá, omi kún awò Phelps, kò rí ògiri níwájú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbà tó ń na apá. Ó ti mọ iye tó ń gbé e dé òpin, torí pé ó ti kà á nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Ó gba wúrà, ó sì fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.03 ṣe àkọsílẹ̀ tuntun lágbàáyé.

Wàyí o, èyí tó ń bí mi nínú jù lọ. Àwọn kan ti sọ ìfaradà di kéèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ọmọbìnrin kan tó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn wá bá mi, ó ń tiro díẹ̀, ó ń gbìyànjú kí n má rí i. Mo ní, "Níbo ló ti ń dùn ọ́?" Kò fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojúgun bí àwọn tí iṣan ń ro. Ìka kan ló fi tọ́ka sí ojú egungun, ibi tí kò ju orí ìka lọ. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún lóru.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Kí lo wá ń ṣe sí i?"

"Mo ń mí sí i, ọ̀gá. Olùkọ́ mi ní ìrò lásán ni ìrora, pé tí mo bá ń wò ó láìdá a lẹ́jọ́, á kọjá."

Olùkọ́! Ẹni tó ń gba owó lóṣooṣù lórí fóònù, tí kò fojú rí ẹsẹ̀ ọmọ náà rí. Wọ́n ti ya X-ray, kò gbé nǹkan kan jáde, ni olùkọ́ bá ní ó tán, ẹ ò rí i pé ọkàn ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ìgbà díẹ̀, olùkọ́ tún ní ó fi hàn pé ara ti le ni. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ní kó lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n fi rí i: egungun ti sán.

Egungun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ló ń jẹ díẹ̀, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Tí eré bá pọ̀ sí i ju bó ṣe lè tún ara rẹ̀ ṣe lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, X-ray sì sábà máa ń fo irú rẹ̀ dá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí obìnrin tó ń sá eré kò bá jẹun tó iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe, nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró, egungun á sì máa rọ̀ sí i. Ọmọ náà tiro kúrò lórí pápá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ká ní ó tún sá ìdíje tó wà níwájú ni, ó ṣeé ṣe kí egungun náà dá sí méjì.

A ń fi ọkàn sí ara kí a lè tètè gbọ́ ohun tó ń wí ni. Ẹni tó ń fi èémí bo ẹnu ara mọ́lẹ̀ kò tíì kọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tó jẹ́ pé gbàrà tó bá dijú ni gbogbo rẹ̀ ń padà wá: kó lajú, kó dìde, kó wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn lójúkojú, kì í ṣe ohùn orí fóònù.

Tí ìrora bá wà lójú egungun kan ṣoṣo tí ìka lè tọ́ka sí, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré, tó ń jí yín lóru, tàbí tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró láìsí oyún, ẹ dá eré dúró lónìí. Ẹ má pè mí. Dókítà ni kí ẹ pè, kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan oúnjẹ tí ẹ ò jẹ.