Fídíò Ìràwọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fi Fídíò Ká

Ìràwọ̀ yọ lẹ́yìn òkè, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí èèrà, wọ́n gba orí igi kọjá, wọ́n sì wọ̀ lódìkejì, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: "Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á," tàbí "Wọ́n ká fídíò láti alẹ́ dòwúrọ̀ ni, wọ́n wá mú un sáré." Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló ń bíni nínú jù, nítorí ó jọ òótọ́.

Kò sí fídíò kankan tí wọ́n ká. Fọ́tò ni, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí kámẹ́rà dúró sójú kan yà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí wọ́n wá tò tẹ̀lé ara wọn; time-lapse ni wọ́n ń pe irú fídíò bẹ́ẹ̀. Tí kámẹ́rà bá ń ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, 120 ni yóò yà ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin á jẹ́ 480. Fídíò a máa lo fọ́tò 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 480 yẹn kò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so okùn bàtà lè má rí i rárá.

Kí ló dé tí wọn ò kàn tan fídíò sílẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Nínú fídíò tó ń lo fọ́tò 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí fọ́tò tó lè la ojú ju ìdá kan nínú 24 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Òmíràn ti ń tì í lẹ́yìn. Àmọ́ fọ́tò òru lè la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 25 gbáko. Ìlọ́po 600 nìyẹn. Ẹni tó bá mú fídíò dúdú sáré, òkùnkùn tó ń sáré ló máa rí.

Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n to àìmọye abọ́ kéékèèké sí gbangba, tí òjò winniwinni sì ń rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni òjò náà. Tí wọ́n bá gbé abọ́ síta, tí wọ́n sì gbé e wọlé kíá, bóyá ẹ̀kán méjì ló bọ́ sínú ọ̀kan, márùn-ún sínú èkejì, kò sí rárá nínú ẹ̀kẹta. Kì í ṣe pé òjò pọ̀ níbì kan ju ibì kan lọ. Bó ṣe bá a ni. Ìyàtọ̀ tí kò nídìí yìí lojú ń rí bí iyanrìn tí wọ́n fọ́n sórí fọ́tò òru. Ẹ wá jẹ́ kí abọ́ pẹ́ níta: ti ọ̀kan á jẹ́ ẹ̀kán 1,000, ti èkejì 1,030, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. ISO, ìyẹn nọ́ńbà kámẹ́rà tó ń mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i, tí àwọn èèyàn ń gbé sókè ṣáá, kì í pe òjò. Dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá ni, tí wọ́n fi ń wo ìdí abọ́: ẹ̀kán méjì á tóbi lójú, àmọ́ ẹ̀kán méjì náà ni.

Ẹnu abọ́ wá ni ihò lẹ́ńsì. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ f/ síwájú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ihò náà. Nọ́ńbà kékeré ni ẹnu ńlá níbẹ̀, f/2.8 ń gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tí f/5.6 ń gbà. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù á kún abọ́ tirẹ̀ dé ẹnu, á sì di funfun gbòò. Àwọ̀ pupa tàbí búlúù tó ní ti ṣòfò nìyẹn. Ṣé kí wọ́n wá kúkú fi abọ́ síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abọ́ ti fẹ́ fọ́, nítorí òjò yìí kì í ro sójú kan.

Ayé ló ń yí, òun pẹ̀lú abọ́ àti òkè tó wà lórí rẹ̀. Ó ń yí dìgírì 15 ní wákàtí kan, ìràwọ̀ sì ń sún ní ìwọ̀n fífẹ̀ òṣùpá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25, ó ti sún tó ìdá kan nínú márùn-ún fífẹ̀ yẹn. Ojú lásán kò rí i, lẹ́ńsì ń rí i: ẹ̀kán tó yẹ kó bọ́ sínú abọ́ kan á máa ro sínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìràwọ̀ tó yẹ kó rí roboto á fà gbọọrọ bí abẹ́rẹ́. Àwọn ayàwòrán ní ìṣirò kan tó ń sọ bí fọ́tò ṣe lè la ojú pẹ́ tó kí ìràwọ̀ tó fà, wọ́n ń fi nọ́ńbà mm tó wà lára lẹ́ńsì pín 500. Lẹ́ńsì 20mm á fúnni ní ìṣẹ́jú àáyá 25, ti 50mm á fúnni ní 10. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ń bú ìṣirò yìí pé ó ti dẹ̀ jù fún sẹ́ńsọ̀ òde òní, òótọ́ sì ni, tó bá jẹ́ fọ́tò kan tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri. Fún time-lapse, àríwísí yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti kọjá kí ojú tó ráyè wọn gígùn ìràwọ̀ kankan. Iyanrìn orí fọ́tò kan kò sì bá ti èyí tó tẹ̀ lé e mu, nítorí náà ojú á pò wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ọgbọ́n ètò yìí nìyẹn: àbùkù kankan kò pẹ́ lójú tó láti dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ti ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń jókòó lé, ti bátìrì, ti wíwá ibi tí iná ìlú kò dé lálẹ́ tí òṣùpá kò sí, kò sí àdììtú níbẹ̀. Àdììtú wà nínú ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó ṣẹ́ kù láàárín fọ́tò méjì. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní ètò kan tó ń pa iyanrìn òru: lẹ́yìn fọ́tò ìṣẹ́jú àáyá 25, ó ń pa ojú dé, ó sì ń ya òkùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá 25 mìíràn, kó lè mọ àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ kó sì yọ ọ́ kúrò. Fún fọ́tò kan, ó dára. Nínú time-lapse, ìdajì alẹ́ ló ń jẹ. Àkókò fọ́tò tó kàn á kọjá nígbà tí kámẹ́rà ṣì dijú, ìràwọ̀ á sì máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dípò kó máa ṣàn. Pípa ni wọ́n ń pa á.

Wọ́n tún ń gba gbogbo ìpinnu lọ́wọ́ kámẹ́rà. Tí wọ́n bá jẹ́ kó máa fúnra rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, ìkùukùu kan á kọjá, ó ti yí ọkàn padà, fídíò á sì máa ṣẹ́jú. Wọ́n á wá ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n á fẹ àwòrán rẹ̀ lójú kámẹ́rà, wọ́n á máa fi ọwọ́ yí lẹ́ńsì títí ìràwọ̀ náà á fi kéré bí ojú abẹ́rẹ́, wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́. Àléébù ètò náà nìyẹn, nítorí alẹ́ kò tíì fi gbogbo ara rẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n ti pinnu tán. Ìrì lè sẹ̀ sójú lẹ́ńsì ní aago méjì òru. Díẹ̀díẹ̀, ìràwọ̀ á wú, á dà bí iná tí wọ́n ń wò láti inú èéfín, kámẹ́rà á sì máa yà á lọ láìṣàròyé. Nítorí èyí làwọn kan ṣe ń di okùn tó ń móoru mọ́ lẹ́ńsì lọ́rùn.

Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí wọ́n ń gbé sábẹ́ kámẹ́rà, tó ń yí i ní òdìkejì ayé, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56. Nínú fídíò tó bá ti ibẹ̀ jáde, ìràwọ̀ kò mira. Òkè ló ń dìde, igi ló ń ṣubú lọ lọ́ra lọ́ra, òrùlé ilé ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí gan-an làwọn tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á máa ń pè ní irọ́ jù.