Jíìpù bọ̀gìnnì: oní-dísẹ́ẹ̀lì tàbí oníná

Jíìpù bọ̀gìnnì ni ọkọ̀ gíga olówó ńlá tó láyè fún ẹbí àti ẹrù, tí agbára sì sábà máa ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lára wọn ni BMW X5, Mercedes-Benz GLE, Audi Q7 àti Range Rover. Ní Yúróòpù, dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà wọ́n ń lò fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó jẹ́ pé iná mọ̀nàmọ́ná nìkan ni wọ́n ń lò kò tíì pẹ́ lọ́jà: Tesla Model X dé ọwọ́ oníbàárà ní 2015, Jaguar I-Pace ní 2018, BMW iX ní 2021, Mercedes-Benz EQS SUV ní 2022. Ẹni tó bá ń yan ọ̀kan nínú méjèèjì sábà máa ń kọ́kọ́ wo agbára ẹ́ńjìnnì àti ẹwà inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ náà ń sùn lálẹ́ àti irú ìrìn tó ń rìn ló yẹ kó ṣáájú nínú ìpinnu yìí.

Bí kálukú wọn ṣe ń ṣiṣẹ́

Rudolf Diesel, ẹnjiníà ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní 1893, èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa sì jáde ní ìlú Augsburg ní 1897. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Písítìnì á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, bí epo bá sì ti ta sínú rẹ̀, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi jẹ epo tó ti pẹ̀tírólù, tí agbára rẹ̀ sì ń jáde láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré rárá. Mercedes-Benz 260 D ti ọdún 1936 wà lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó. Ní 1986 ni Range Rover bẹ̀rẹ̀ sí ní i. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú jíìpù ńlá lónìí ni onísílíńdà mẹ́fà, lítà mẹ́ta, pẹ̀lú tọ́bò tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, tí agbára ìyípo rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, máa ń tó 600 Nm.

Ní ti jíìpù oníná, bátìrì lithium-ion tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, mọ́tò kan sábà máa ń wà níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Gbogbo agbára ìyípo rẹ̀ wà nílẹ̀ láti orí ìdúró, kò sì sí jíà tó ń pààrọ̀. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀, mọ́tò náà á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ọkọ̀ á sì dẹwọ́ eré láìjẹ́ pé a tẹ bíréèkì.

Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní agbára tó nǹkan bí 10 kWh (kWh ni wọ́n fi ń wọn iye agbára tó wà nípamọ́). Nípa bẹ́ẹ̀, táńkì lítà 80 gbé nǹkan bí 800 kWh, nígbà tí bátìrì BMW iX xDrive50, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi, fún awakọ̀ ní nǹkan bí 105 kWh láti lò. Àlàfo náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń sọ ohun tó ju ìdajì agbára epo nù gẹ́gẹ́ bí ooru, mọ́tò oníná kò sì fi bẹ́ẹ̀ fi tirẹ̀ ṣòfò. Jíìpù tó ń jẹ lítà 8 ní kìlómítà 100 á rin nǹkan bí kìlómítà 1,000 lórí táńkì kan. Oníná tó ń jẹ 22 kWh ní ìwọ̀n ọ̀nà yẹn á rin nǹkan bí 480. Eré àsápajúdé àti òtútù líle ń dín ti oníná kù kíákíá: bí eré bá di ìlọ́po méjì, àtakò afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, bátìrì tó tutù kì í sì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, pàápàá nígbà tí inú ọkọ̀ náà tún fẹ́ ooru.

Níbo ni yóò ti máa gba iná?

Ìbéèrè yìí wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀, tí iná sì dá a lójú, lè so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìṣáàjì ògiri oníwọ̀n 11 kW (kW ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé) ní alẹ́, kó sì bá bátìrì ńlá ní kíkún láàárọ̀, nítorí wákàtí mẹ́wàá sí mọ́kànlá tó láti kún un láti òfo. Lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán tó ń fún un ní nǹkan bí 2.3 kW, irú bátìrì bẹ́ẹ̀ á gba bí ọjọ́ méjì. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá títì yóò gbára lé ibùdó ìṣáàjì ìta, iná ibẹ̀ sì sábà máa ń wọ́n ju ti ilé lọ, débi pé èrè tó yẹ kó jẹ lórí owó epo lè tán síbẹ̀.

Ní ibùdó tó yára, ọ̀pọ̀ jíìpù oníná lè gba nǹkan bí 200 kW, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á títí. Bí bátìrì bá wà ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, iná á máa rọ́ wọlé. Bó bá ti kọjá ìdajì, ìwọ̀n náà á máa rẹlẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Bó bá dé 80, á di díẹ̀díẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń dáàbò bo bátìrì. Láti 10 dé 80 máa ń gba bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú. Ìdá 20 tó kù lè gba àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo èyí tó ṣáájú. Abájọ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń yọ wáyà ní 80, tí wọ́n á sì forí lé ibùdó tó kàn.

Ìrìn kúkurú àti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì

Dísẹ́ẹ̀lì ti òde òní kì í bá ìrìn kúkurú rẹ́ rárá, àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Asẹ́ kan wà nínú páìpù èéfín rẹ̀ tó ń gba ìdọ̀tí dúdú. Kí asẹ́ náà tó lè mọ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jóná ní ìwọ̀n ooru tó tó 600°C, èyí tó jẹ́ pé ìrìn ọ̀nà jíjìn ló ń mú un wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi epo kún epo kí páìpù lè gbóná. Awakọ̀ tó fara balẹ̀ á mọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa yí kíákíá díẹ̀ lórí ìdúró, òórùn gbígbóná á máa jáde lábẹ́ ọkọ̀, fáànù á sì máa pariwo lẹ́yìn tó bá ti pa á. Bó bá pa á lágbedeméjì lọ́pọ̀ ìgbà, asẹ́ á dí, lára epo àfikún náà á sì jò sínú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ṣíṣàn. Asẹ́ tuntun fún jíìpù bọ̀gìnnì kì í ṣe owó kékeré. Ẹni tó jẹ́ pé ilé-ìwé ọmọ, ọjà àti ibi iṣẹ́ nítòsí nìkan ló ń lọ, oníná ló yẹ ẹ́ bó bá ti rí ibi ṣáájì.

Epo tó dọ̀tí náà ń ba nǹkan jẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín yìí wà fún dísẹ́ẹ̀lì tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an. Ní Yúróòpù, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Níbi tí epo kò bá ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó dára kéèyàn bi mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà kó tó rà á. Omi AdBlue tún wà, tí ọkọ̀ ń lò láti fọ èéfín rẹ̀, tí ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ yúríà. Bó bá tán pátápátá, tí wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì, kò ní gbà láti dá padà títí wọn yóò fi rọ òmíràn.

Èéfín àti òfin

Ní 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ní September 2015, àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé Volkswagen fi ètò kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ kí èéfín wọn lè dà bí ẹni pé ó mọ́ nígbà àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 11 lágbàáyé ló ní i. Porsche kéde ní 2018 pé òun kò ní ta ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì mọ́. Ìlànà èéfín ọkọ̀ ní Yúróòpù tó ń jẹ́ Euro 6 kò gba ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì láàyè láti tú gáàsì NOx (àdàpọ̀ nitrogen àti oxygen tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́) tó ju mílígíráàmù 80 lọ ní kìlómítà kan, láti 2019 sì ni èyí tí kò bá dé ìlànà yẹn ti ń san £12.50 lójúmọ́ láti wọ àárín gbùngbùn London.

Ti oníná kò ní páìpù èéfín, ṣùgbọ́n ṣíṣe bátìrì ńlá ń tú carbon dioxide púpọ̀ sáfẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ tó rin mítà kan. Bó bá jẹ́ omi tàbí afẹ́fẹ́ ló ń pèsè iná níbi tí wọ́n ti ń ṣáájì rẹ̀, kì í pẹ́ tí oníná fi ń sàn ju dísẹ́ẹ̀lì lọ. Bó bá jẹ́ èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń sun, ó ń pẹ́ gan-an.

Ẹrù, ìwúwo àti owó

Ẹni tó ń fa ọkọ̀ ojú omi tàbí àgọ́ onítáyà lọ sọ́nà jíjìn kò tíì rí arọ́pò gidi fún dísẹ́ẹ̀lì. Range Rover àti Volkswagen Touareg oní-dísẹ́ẹ̀lì lè fa tó 3,500 kg. BMW iX kò kọjá 2,500, Audi e-tron kò kọjá 1,800, ohun tí oníná bá sì ń fà lè gé ìrìn rẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. iX xDrive50 fúnra rẹ̀ wọ̀n ju tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń tètè jẹ. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì tàbí tọ́bò tí wọn yóò máa tún ṣe.

Ọ̀pọ̀ jíìpù bọ̀gìnnì oníná ti já wálẹ̀ gan-an ní iye lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohun tó dun ẹni tó rà á ní tuntun, tó sì jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó ń ra àlòkù. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe onídùúró bátìrì fún ọdún mẹ́jọ tàbí kìlómítà 160,000, pé kò ní rẹlẹ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Kí oníbàárà àlòkù béèrè àbájáde àyẹ̀wò bátìrì lórí ìwé. Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ló fẹ́, kó béèrè iye ìdọ̀tí tó wà nínú asẹ́, kó sì yọ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì, bí ó bá ní i, wò: ọ́ìlì tó ga kọjá àmì, tó sì ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì, fi hàn pé ìrìn kúkurú ló pọ̀ jù nínú ìtàn ọkọ̀ náà.