Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Kọ Ọ́ Sílẹ̀?

Nígbà tí ẹgbẹ́ onímọ̀ dátà tí mò ń darí níléeṣẹ́ adójútòfò kọ́kọ́ kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá oníjìbìtì mọ̀ láàárín àwọn tó ń béèrè owó òfò, èsì rẹ̀ dán gbinrin. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í rárá. Inú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dùn, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. A tú iṣẹ́ náà palẹ̀, a sì bá orúkọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán lọ ṣèwádìí nínú dátà. Wọn kì í sì í rán ẹnikẹ́ni sí ẹni tí wọn ò bá fura sí. Ohun tí èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà padà fún wa. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé béèrè owó, àyè orúkọ yẹn á ṣófo, kọ̀ǹpútà ò sì ní rí nǹkan kan dì mú.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ni pé: ọjọ́ wo ni wọ́n kọ èyí sílẹ̀? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an nídìí adójútòfò, torí òní là ń gbowó, òfò lè dé lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ẹni tó farapa sì lè gba ọdún mélòó kan kó tó yanjú. Ẹni tó bá wo dátà oṣù tó kọjá á rò pé òfò ti dínkù, bẹ́ẹ̀ ìròyìn rẹ̀ ni ò tíì dé. Ẹ má ṣe gbé iye owó tí oníbàárà máa san ka irú dátà tútù bẹ́ẹ̀.

Òfin pẹ̀lú ní ohun tó sọ nípa irú dátà tá a lè fi pinnu iye owó. Ní 2011, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2012, iye tí obìnrin àti ọkùnrin ń san fún adójútòfò kò gbọdọ̀ yàtọ̀ nítorí pé wọ́n jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Yíyọ ọ̀rọ̀ bóyá ẹnì kan jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin kúrò nínú dátà nìkan kò tó, torí irú iṣẹ́ tẹ́nì kan ń ṣe lè tú u fó.

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ jókòó ti àwọn tó ń gba ìpè ẹni tí òfò ṣẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló padà wá sọ ìdí tí òfò fi ń pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù: fọ́ọ̀mù ò gbà kí àyè ọjọ́ ṣófo, bí oníbàárà ò bá sì rántí, ọjọ́ kìíní ni wọ́n ń tẹ̀. Módẹ́ẹ̀lì wa mẹ́ta, ìyẹn ètò tá a fi dátà kọ́ kọ̀ǹpútà, ló ti ń lo ọjọ́ náà.