Bí Gúrúùpù WhatsApp Ṣe Gba Ìpàdé Ọmọ Ìlú Wa

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù là ń ṣèpàdé ọmọ ìlú ní Kubwa, l'Ábújá níbí, tẹ́lẹ̀. Ìwé kan wà tí akọ̀wé máa ń gbé ká, tí oníkálukú á fọwọ́ sí. Ẹni tó bá pẹ́ dé á san owó ìtanràn. Ẹni tí kò bá wá rárá, wọn á lọ wò ó nílé bóyá ara rẹ̀ ò yá. Inú fóònù ni ìpàdé ọ̀hún wà báyìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣe WhatsApp kò ro ìpàdé kankan mọ́ ọn.

Jan Koum ló dá a sílẹ̀ ní 2009. Ọmọ Ukraine ni, ọmọ ọdún 16 sì ni nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ kó wá sí Amẹ́ríkà. Òun àti Brian Acton, tí wọ́n jọ dá WhatsApp sílẹ̀, jọ ṣiṣẹ́ ní Yahoo rí. Ohun tó kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀ kéré: kí ẹni tó fẹ́ pè ọ́ kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ pé ọwọ́ rẹ dí, tàbí pé bátìrì rẹ ti fẹ́ kú. Ohun tí wọ́n ń pè ní "status" nìyẹn níjọ́ náà, kò tíì di ojúde aṣọ òkè àti èlùbọ́ títà. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, Apple ṣe é kí áàpù lè máa ta oní-fóònù lólobó láìjẹ́ pé ó ṣí i. Bí o bá ti yí status padà, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ á dún. Làwọn èèyàn bá ń fi status dá ara wọn lóhùn. Koum rí i pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ó sì sọ áàpù náà di ti ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́.

(Lọ́dún 2009 yẹn náà ni Facebook kọ̀ láti gba Acton síṣẹ́. Ní 2014, wọ́n ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là.)

Lójú tèmi, ọdún 2013, tí wọ́n ṣe é kí èèyàn lè gba ohùn sílẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́, ló ṣe pàtàkì jù. Kí GSM tó dé ní 2001, lẹ́tà la ń fún awakọ̀. Ìyá mi ní Ọ̀fà kò mọ̀wé, ọmọ aládùúgbò ló ń bá a kà á, àṣírí ilé wa a sì di ti àdúgbò. Nígbà tí ohùn dé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì jí mi láràárọ̀; n ó ti gbọ́ ọ tán kí mọ́tò tó kọjá Gwarinpa. Àti pé ta ló ráyè fi àmì sí Yorùbá lórí fóònù? Bí ẹ bá rí "oko" nínú gúrúùpù, ẹ ò mọ̀ bóyá oko ni, ọkọ ni, àbí ọkọ̀.

Gúrúùpù ti wà láti 2011, àmọ́ 2016 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹni 256. Gbogbo ìpàdé wa wọnú rẹ̀, tòun tàwọn tó ti kó lọ sí Mínná àti Kánò. Owó ìrànwọ́ tó ń gba oṣù mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà. Àhesọ náà bá a wọlé: ní 2018, irọ́ gbọ́mọgbọ́mọ tó ń lọ lórí WhatsApp mú kí èrò pa àwọn aláìṣẹ̀ ní Íńdíà, ìyẹn ló fà á tí kò fi sẹ́ni tó lè ta ọ̀rọ̀ àgbàsọ kan síbi tó ju 5 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti 2019. Ìwé ìfọwọ́sí wa, eruku ti bò ó.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ màmá kan nínú wa kú. Gúrúùpù kún fún "Ẹ kú ìdárò", mo kọ tèmi náà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó yà síbẹ̀. Màmá gbé fóònù fún mi pé kí n bá òun wo nọ́ńbà kan tí kò lórúkọ, tó kọ àdúrà gígùn, kí òun lè dúpẹ́. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. A pè é. Ọmọ ìpàdé wa ni, òpópónà kejì ló ń gbé, ó ní òun ò mọ̀ pé ibẹ̀ nilé wọn.