Ìtọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń dì mọ́ra: ta ló ni ìtàn rẹ̀?

Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn a máa ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú láìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú ẹni tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí, àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ ọ́ sórí Facebook tàbí tí ó sọ ọ́ nínú fídíò TikTok, àríyànjiyàn a bẹ̀rẹ̀: àwọn kan á ní ó yẹ kí ayé gbọ́ ọ, àwọn mìíràn á ní ó ti tú àṣírí ibi iṣẹ́. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ náà ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí ó ti yé mi.

Ìbéèrè: Ẹ dákun, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ènìyàn fi ń tọ̀. Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe máa sọ pé òun kò rí ìṣẹ́jú márùn-ún nínú wákàtí méjìlá?

Ìṣẹ́jú náà wà; ẹni tí yóò bá a dúró ti àwọn aláìsàn ni kò sí. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Nọ́ọ̀sì gba iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni yóò sì tó fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ká ní dókítà ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn kan lára ní aago mẹ́wàá. Ìlànà iṣẹ́ ni pé kí nọ́ọ̀sì má ṣe kúrò nítòsí aláìsàn náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, nítorí pé bí ara yóò bá kọ ẹ̀jẹ̀ náà, ìgbà yẹn ni ó sábà máa ń fi hàn: ara á gbóná, òtútù á máa mú un, èémí lè máa há a, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lójijì. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí tó pé, ẹnìkan ti ń pè láti ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, dírípù màmá mi ti tán." Bí ó bá ti pààrọ̀ dírípù tán, aláìsàn tuntun ti dé láti ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, bí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tán, abẹ́rẹ́ aago méjìlá ti tó àkókò fún ènìyàn mélòó kan.

Ti wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tí obìnrin náà bá ń rọbí. Nígbà tí ó bá sì ti ń ti ọmọ bọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni. Bí àwọn tí ń rọbí bá jẹ́ mẹ́ta tí agbẹ̀bí sì jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ̀yin fúnra yín ṣírò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ wà ní títì pa, mátírọ́ọ̀nù tí ó ti lọ sílé ni kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ibòmíràn, omi kì í yọ lóru, nọ́ọ̀sì á sì ní láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi kí ó tó lè wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti di ogún nìyẹn. Bí aláìsàn kan bá sì kú láàárín ogún ìṣẹ́jú náà, kò sí ẹni tí yóò béèrè iye bẹ́ẹ̀dì tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń mójú tó. Ohun tí wọn yóò béèrè ni ibi tí ó wà.

Ìbéèrè: Àwọn ló ń kọ́ wa pé dídi ìtọ̀ mọ́ra kò dára. Ṣé àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ni?

Wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà máa ń gba bí 400 sí 600 mílílítà, èyí tí kò jìnnà sí omi inú ìgò kékeré tí à ń rà lójú títì. Kí ó tó dé ìdajì ni ara ti máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́. Bí a kò bá dá a lóhùn, ìtọ̀ náà á dákẹ́ díẹ̀, á sì tún padà wá gbọ̀n wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìtọ̀ tí ó pẹ́ nínú àpò a máa fún kòkòrò láyè láti pọ̀ sí i. Èyí tí ó sábà máa ń fa àìsàn níbẹ̀ ni kòkòrò tí ibùgbé rẹ̀ jẹ́ inú ìfun, ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ obìnrin sì ń gbà jáde kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Nítorí náà kò nira fún kòkòrò náà láti gun òkè. Obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ohun tí ó tún bani nínú jẹ́ jù lójú tèmi ni omi tí wọn kì í mu. Ẹni tí ó ti mọ̀ pé òun kò ní ráyè tọ̀ á ti dẹ́kun omi mímu láti ìrọ̀lẹ́ kí ó tó wọṣọ iṣẹ́. Orí á máa fọ́ ọ, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, òkúta lè máa dàgbà sínú kíndìnrín rẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bí ó bá lóyún, àìsàn inú ìtọ̀ lè gòkè dé kíndìnrín, ó sì lè mú kí ó bímọ láìtọ́jọ́. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ní ọdún 2020, tí aṣọ ìdáàbòbò wọ́n tí ẹni tí ó bá bọ́ ọ kò sì mọ̀ bóyá òun yóò rí òmíràn wọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì kan ní àwọn orílẹ̀-èdè kan wọ pámpáàsì àwọn àgbàlagbà lọ sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú wọn ṣe é.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ kò sí òfin tí ó fún wọn ní ìsinmi ni?

Ó wà, ṣùgbọ́n ó láyọrísí níbi kan ju ibòmíràn lọ. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àròpọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Níbi tí òfin kan náà ti ń sọ ẹni tí òun ń pè ní òṣìṣẹ́, ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ṣẹ́ kúrò, nítorí náà nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ di òfin náà mú á kọ́kọ́ jà fún pé òun wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, òfin ọdún 1998 fún ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ ní 20 ìṣẹ́jú tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dà á láàmú. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ń ṣe "long day", iṣẹ́ ọ̀sán tí ó gùn tó bíi wákàtí méjìlá, níbẹ̀ bóyá wọ́n ń rí i jókòó gbà.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2005, nọ́ọ̀sì kan kò gbọ́dọ̀ ní ju aláìsàn márùn-ún lọ ní wọ́ọ̀dù gbogbogbò, tàbí ju méjì lọ níbi ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Gbogbo ìgbà ni òfin náà ń ṣiṣẹ́, títí kan ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá wà lẹ́nu ìsinmi, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò dúró dè é. Orí ènìyàn ni òfin yẹn kà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025, gbígba nọ́ọ̀sì sí i wà lára ohun tí wọ́n béèrè.

Ìbéèrè: Tí nọ́ọ̀sì bá wá gbé ìtàn yìí síta, ṣé kò tíì tú àṣírí aláìsàn?

Ìtọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ àti àárẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí ó lọ tọ̀ sábà máa ń jẹ́ aláìsàn kan, ìtàn aláìsàn náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti díjú. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé gbogbo ohun tí ó kan ìlera ènìyàn, ìtọ́jú rẹ̀, àní wíwà tí ó wà ní ilé ìwòsàn pàápàá, àṣírí ni, àyàfi bí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n sọ ọ́, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí nítorí àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn bí ewu ńlá fún ìlera ará ìlú. Kí òfin yẹn tó dé rárá ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ ní Detroit ní ọdún 1893, tí wọ́n sì fi orúkọ Florence Nightingale sọ, pé àwọn yóò pa ọ̀rọ̀ aláìsàn àti ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí èmi fúnra mi hun. Nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ pé: "Láti aago mẹ́jọ alẹ́ àná títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò tọ̀, nítorí ìyá ìbẹta kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lẹ́yìn ìbí. Ọlọ́run ló yọ ọ́." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ìwòsàn rẹ̀ wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀, "àná" sì ti sọ ọjọ́. Ìbẹta mélòó ni wọ́n ń bí ní ìlú bí Iléṣà ní alẹ́ ọjọ́ kan? Kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, àwọn ará ilé ọkọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn oníbàárà obìnrin náà ti mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ó kú, bóyá ọkọ rẹ̀ kò sì tíì sọ ọ́ fún ìyá tirẹ̀ pàápàá. Nínú ohun 18 tí òfin Amẹ́ríkà ní kí a yọ kúrò kí ìròyìn nípa aláìsàn tó bọ́ lọ́wọ́ ìdánimọ̀, orúkọ kàn jẹ́ ọ̀kan. Ọjọ́ àti ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ká wá ní ó kọ ọ́ báyìí: "Mo ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ tí mi ò ráyè tọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí pé èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú aláìsàn mẹ́rìnlélógún." Ìyá ìbẹta ti kúrò nínú rẹ̀, ìtàn náà kò sì dín kù. Mo tilẹ̀ rò pé ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ti àkọ́kọ́ gbé ẹ̀bi lé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, nígbà tí èyí gbé e lé ẹni tí ó fi nọ́ọ̀sì kan ti bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlélógún. Àwọn àgbà ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń fi òwe yìí pa nọ́ọ̀sì lẹ́nu mọ́ lórí àpò ìtọ̀ ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Àwòrán wọ́ọ̀dù ńkọ́, bí a bá ti bo ojú àwọn aláìsàn?

Rárá. Àwọn ènìyàn ń dá ara wọn mọ̀ nípa aṣọ ìró, ohùn àti nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni èmi náà. Ìtọ̀ bọ́ lára ẹlẹgbẹ́ mi kan lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ṣé mo lè sọ ọ́, bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀?

Ẹ bi í léèrè. Bí ó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí pé gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni yóò mọ ẹni tí ẹ ń sọ, ẹ̀rín tí ó sì rín níwájú yín lè jẹ́ èyí tí ó fi bo ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwàdà náà kì í tẹ́ mi lọ́rùn, àgàgà èyí tí ó ń yin nọ́ọ̀sì pé àpò ìtọ̀ rẹ̀ lágbára ju ti ènìyàn mìíràn lọ. Bí a bá ti sọ ìyà di akin, ẹni tí ó yẹ kí ó gba òṣìṣẹ́ sí i á bá wa rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kò yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ní kíkọ sílẹ̀ sì ni: ọjọ́, wákàtí, iye aláìsàn, iye òṣìṣẹ́, iye wákàtí tí kò fi sinmi, láìsí orúkọ aláìsàn kankan nínú èyí tí ó bá pa mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í dúró. Ìwé ìlànà tí àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2015 gbé ẹrù méjèèjì lé nọ́ọ̀sì lórí: kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, kí ó má sì dákẹ́ bí ewu bá ń bọ̀ sórí aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tí kò tọ̀ láti àná, tí kò mumi, tí orí ń fọ́, tí ó sì fẹ́ ṣírò ìwọ̀n oògùn ọmọ ọwọ́, ewu ni fún aláìsàn. Ní ilé wa, ìwé kúẹ́rì àti gbígbéni lọ sí ìlú tí ó jìnnà ló ń bani lẹ́rù; ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ẹgbẹ́ wọn kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, kí wọ́n sì gbé e jáde pọ̀, sàn ju kí ẹnìkan ṣoṣo máa ké lórí TikTok.

Ìbéèrè: Mo jókòó ti bàbá mi ní wọ́ọ̀dù, mo pe nọ́ọ̀sì títí, kò sí lórí àga rẹ̀. Mo ya fídíò àga náà. Ṣé mo ṣàṣìṣe?

Bí ẹ̀mí bàbá yín bá wà nínú ewu lásìkò náà, ẹsẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi sáré lọ sí wọ́ọ̀dù kejì, kì í ṣe fóònù ló yẹ kí ẹ gbé sókè. Bí kò bá sí ewu, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin náà yà sẹ́yìn láti alẹ́ ni ẹ ká mọ́ fídíò, àwọn aláìsàn tí wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àga náà sì ti wọ inú rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ má ṣe gbé e síta. Bí ó bá dé, ẹ bi í pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin mélòó lẹ wà lálẹ́ òní?" Bí ó bá ní òun nìkan ni, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà, kí ẹ buwọ́ lù ú ní orúkọ ara yín, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fún ẹbí aláìsàn ní kúẹ́rì.